Wẹ́ẹ̀jì Ìrókò Tí Mo Gbé Lọ sí Lẹ́kì

Ẹ̀yin ará Ìgbẹ́tì, ẹ fi ọrùn mi sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì yìí, mi ò tíì jẹ oúnjẹ kan tán kí ẹnìkan má wá jókòó tì mí, kó ní, "Gbádé, báwo ni Lẹ́kì ṣe rí?" Bí mo bá ní ó dáa, ẹ ó ní mò ń yangàn. Bí mo bá ní kò dáa, ẹ ó ní ṣebí ẹ ti sọ fún mi. Ìdí rèé tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá tún bi mí léèrè, ìwé ni n ó nà sí i, n ó sì máa bá oúnjẹ mi lọ.

Bí mo ṣe di Agbàgbé

Ẹ mọ ìtàn náà, ẹ̀yin gan-an lẹ ń tà á kiri. Ṣùgbọ́n ìwé lè bọ́ sọ́wọ́ àlejò, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wa tírélà, tí mò ń kó òkúta mábù láti Ìgbẹ́tì lọ sí Ìbàdàn àti Kánò. Àwọn ọkọ̀ ìgbà yẹn, bíréèkì ọwọ́ wọn dà bí ìlérí olóṣèlú: ó wà níbẹ̀, kò di nǹkan kan mú. Wẹ́ẹ̀jì ló ń dì í mú. Ègé igi onígun mẹ́ta ni, tí a máa ń há sẹ́yìn táyà kí ọkọ̀ má baà yí lọ. Dẹ́rẹ́bà tó bá ti pa ọkọ̀, kó tó tọ̀, kó tó bu omi mu, á kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ há wẹ́ẹ̀jì. Tèmi, igi ìrókò ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló gbẹ́ ẹ fún mi lọ́jọ́ tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù. Ó ní, "Gbádé, àdúrà dáa, ṣùgbọ́n há wẹ́ẹ̀jì kó o tó ṣe àmín."

Ní ọdún méje sẹ́yìn, mo gbé ọkọ̀ tó kún fún òkúta sí ẹ̀gbẹ́ òkè, mo há wẹ́ẹ̀jì, mo lọ sùn sábẹ́ igi máńgòrò. Ìyàwó mi, Àṣàkẹ́, ti wá bá mi níbẹ̀, ó dáná sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ń se àsáró tí n ó jẹ kí n tó gbéra. Igbe ló jí mi. Nígbà tí mo fi máa lajú, tírélà ń yí bọ̀ sẹ́yìn, Àṣàkẹ́ sì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́. Ó há a. Ọkọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n kó tó dúró, ó ti gun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ọ̀pá ló fi ń rìn títí di òní.

Gbogbo ìlú ló kí i kú oríire. "Obìnrin bí ọkùnrin!" Ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ìdúpẹ́ fún un, ọba ránṣẹ́ kí i. Èmi wá ńkọ́? Èmi lẹ sọ di Gbádé Agbàgbé, dẹ́rẹ́bà tó gbàgbé wẹ́ẹ̀jì tí ìyàwó rẹ̀ bá a rántí.

Bẹ́ẹ̀ mo rántí pé mo há a. Mo rántí pé mo fi ẹsẹ̀ tì í wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyàwó mi ni gbogbo ayé ti rí wẹ́ẹ̀jì, wọn ò rí i lábẹ́ táyà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí ọwọ́ èèyàn bá lè gbàgbé ohun tí ọkàn rẹ̀ ń búra pé ó ṣe, ọwọ́ yẹn kò yẹ lórí sitiárì. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìẹ. Ẹ̀yin náà sì mọ bí adìẹ mi ṣe máa ń rí, mi ò ní í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Àṣàkẹ́ gan-an ló lé mi padà sójú ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá Fẹ́mi, ọdún méje lo fi ń ṣọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná. Mo fẹ́ rìn lọ sẹ́yìnkùlé kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ṣé kò sí. Lọ wa mọ́tò rẹ." Lọ́sẹ̀ náà ni Káyọ̀dé, àbúrò rẹ̀ tó ń lẹ táìsì sílẹ̀ ilé ní Èkó, pè mí pé ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó kọ̀ńténà ní èbúté Lẹ́kì ń wá dẹ́rẹ́bà àgbà tí kì í mutí. Mo jẹ́ àgbà. Mi ò sì mutí, nítorí adìẹ ti gba gbogbo ohun tí mo ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, mo gbé báàgì mi, ó wúwo bí òkúta. Mo tú u wò. Wẹ́ẹ̀jì ìrókò ló wà nísàlẹ̀ aṣọ.

"Kí lèyí, Àṣàkẹ́?"

Kò wo ojú mi. Ó ní, "Mú un lọ. Ìwọ lo ni ín."

Ajah, níbi tí ìkíni ti ń náni lówó

Ẹni tó bá ní ilẹ̀ Yorùbá kan náà ni Lẹ́kì, kò tíì dé ibẹ̀. Ilẹ̀ òkèèrè ni. Mo wọ Ajah lọ́sàn-án, mo rí obìnrin kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo tẹríba díẹ̀, mo ní, "Ẹ kú òwò o, ẹ kú oòrùn." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ rà?" Mo ní mi ò fẹ́ ra nǹkan kan, mo kàn kí i ni. Ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ìgbà kẹta tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ẹni tó bá ń kíni lásán níbẹ̀, olè ni tàbí pásítọ̀.

Yàrá kan ni Káyọ̀dé ń gbé, òun àti àwọn ará Ọ̀ṣun méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́. Bí òjò bá rọ̀, omi máa ń wọlé wá kí wọn, wọ́n á gbé bàtà sórí ìjókòó, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Èmi ọmọ orí òkè, mo dìde dúró. Káyọ̀dé ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Kò ní í pẹ́, á tó jáde."

Ó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ òun hàn mí, ó mú mi lọ sí VGC, ọgbà àwọn olówó tó wà lọ́nà ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ dá wa dúró ní géètì. Ó ní, "Kóòdù tí onílé fi ránṣẹ́ sí yín dà?"

Mo ní, "Gbádébọ̀ lorúkọ mi."

"Mi ò bèèrè orúkọ, Bàbá. Kóòdù."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ará Ìgbẹ́tì ni mí, pé mo wá wo táìsì. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, ojú rẹ̀ tàn. Ará Ṣakí ni! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kọnkéré. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àtàárọ̀ o! Ẹ kú ìrìn! Ilé ńkọ́? Òjò ti rọ̀ lọ́hùn-ún?" Ó kí mi títí ara mi fi tutù. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ ò lè wọlé." Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀wọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lé mi padà rí.

Káyọ̀dé wá fi oúnjẹ tù mí nínú. Ó ra àsáró fún mi ní ilé oúnjẹ kan tó ní afẹ́fẹ́ tútù. Wọ́n gbé e wá nínú abọ́ funfun kékeré, ewé kan dúró lórí rẹ̀ bí àsíá. Ṣíbí mẹ́ta ni mo jẹ, mo kan ìsàlẹ̀ abọ́. Mo bi ọmọbìnrin tó gbé e wá pé ìyókù ń bọ̀ àbí? Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Mo rántí àsáró Àṣàkẹ́ nínú ìkòkò dúdú rẹ̀. Ó ti tó ọdún méje tó ti se é kẹ́yìn. Láti ọjọ́ ìjàǹbá yẹn, bí a bá ní kó se é, á ní iṣu kò bá òun lára mu mọ́.

Wòlíì àti igi

Ọgbà tí ilé-iṣẹ́ wa ń kó ọkọ̀ sí kò jìnnà sí èbúté. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì níbẹ̀, Wòlíì la ń pè é. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, kì í wọ bàtà lọ́jọ́ Sunday, ojú rẹ̀ sì máa ń rí nǹkan tí ojú wa kò rí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó yẹ báàgì mi wò, ó fọwọ́ kan wẹ́ẹ̀jì, ó fawọ́ sẹ́yìn kíá.

"Igi wo nìyí?"

"Ìrókò."

"Jésù!" Ó sún sẹ́yìn. "Arákùnrin, ìrókò lẹ gbé wá síbi iṣẹ́?" Ó lóṣòó, ó wò ó dáadáa. "Kí ló jó ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ báyìí?"

Lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀, pé ó lè jẹ́ èéfín sàlẹ́ńsà. Wòlíì mi orí. Ó ní igi tó bá jóná tí kò tán, iṣẹ́ ń bẹ lára rẹ̀. Ó wọ́n omi sí i, ó gbàdúrà lé e lórí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tó gbé e fún mi. Àbí kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ṣe àmín. Wọ́n kúkú ti kọ́ mi pé àmín dáa.

Wọ́n wá mú mi dé ìdí ọkọ̀ tí n ó wà. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà àtijọ́: kò ní kúlọ́ọ̀ṣì! Gbogbo ògo mi, ẹsẹ̀ òsì tó mọ gígòkè, tó mọ ìsọ̀kalẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan kó máa sinmi. Afẹ́fẹ́ tútù wà nínú rẹ̀. Kámẹ́rà wà níwájú mi tó ń wò mí lójú. Obìnrin kan tún ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bí mi ò bá de bẹ́líìtì, á bá mi wí. Bí mo bá sáré, á bá mi wí. Àṣàkẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní ọkọ̀ ni. Ó ní, "Ọkọ̀ tó ń sọ òyìnbó dídùn báyẹn?" Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi ṣàlàyé.

Ọjọ́ tí mo dá èbúté dúró

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n rán mi lọ gbé kọ̀ńténà ní èbúté. Kíréènì ibẹ̀ ga ju àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa lọ. Wọ́n ti kọ́ wa ní òfin tó wà níbẹ̀, mo sì ti há a sórí bí ọmọ iléèwé: dẹ́rẹ́bà kì í bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Kíréènì ń gbé ẹrù kọjá lórí, ẹni tó bá wà nílẹ̀ lè kú. Ó yé mi. Mo ní ó yé mi, mo fọwọ́ sí ìwé pé ó yé mi.

Mo dé ààyè mi. Mo dúró. Mo pa ọkọ̀.

Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà, ẹ ti mọ ohun tó kàn. Orí mi kò sí níbẹ̀, ara mi ló ṣe é. Ọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ bọ́ sílẹ̀, wẹ́ẹ̀jì ti wà lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe ń fi ẹsẹ̀ tì í wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Iná pupa ń yí lórí gbogbo òpó. Kíréènì dúró pẹ̀lú kọ̀ńténà lófuurufú. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi dúró, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn dúró. Ẹnìkan ń pariwo nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní èdè òyìnbó, Pijin àti Yorùbá pọ̀: "Driver! Enter your truck! Bàbá, wetin you dey find for ground? Ẹ wọlé!" Mo gbójú sókè, mo rí i pé gbogbo èbúté ń wo èmi àti igi mi. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Sẹ́fìtì ní ilé-iṣẹ́ wa. Òun ló ń rí sí i pé kí ẹnikẹ́ni má kú lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé ikú jẹ ẹ́ ní gbèsè. Kò ju ọmọ mi àgbà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé wẹ́ẹ̀jì mi sórí tábìlì, mo dìde dúró bí ọmọdé.

"Dádì, why? Kíréènì wà lórí yín o! Ká ní nǹkan já lulẹ̀ ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún màmá nílé?"

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Òkúta, òkè, ẹsẹ̀ Àṣàkẹ́. Ó gbọ́ mi títí dé òpin, mo sì yìn ín fún ìyẹn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, ó fa nǹkan kan jáde. Rọ́bà ni, aláwọ̀ ìyeyè, onígun mẹ́ta. Ó ní nọ́ńbà lára, ó ní okùn tí a fi ń gbé e.

"Dádì, àwa náà ní tiwa."

Mo wò ó. Wẹ́ẹ̀jì ni. Wẹ́ẹ̀jì tó lọ sí yunifásítì. Mo ní, "Ta ló wá ń há a?"

"Ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì ìyeyè, ní ibi tí ẹ bá ti ń já ẹrù. Òun nìkan. Dẹ́rẹ́bà á jókòó, á fa bíréèkì, á dúró dè é. Bíréèkì ọkọ̀ yìí á dì í mú, Dádì. Ẹ fọkàn tán an." Ó ti ìwé kan sí mi. "Ẹ̀ẹ̀kan sí i tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, ilé ni o. Ẹ máà bínú sí mi."

Wọ́n ní kí igi mi máa gbé lọ́dọ̀ Wòlíì ní géètì. Mo padà sí Ajah, mi ò lè jẹun. Ẹ ro ọ̀rọ̀ mi wò, ẹ̀yin ará ilé. Ní Ìgbẹ́tì, mo pàdánù iṣẹ́ nítorí pé mo gbàgbé wẹ́ẹ̀jì. Ní Lẹ́kì, mo fẹ́ pàdánù rẹ̀ nítorí pé mo rántí. Bí wọ́n bá lé mi, ojú wo ni n ó fi wọ ìlú? Ẹ ó ti fún mi lórúkọ mìíràn kí n tó bọ́ láti inú ọkọ̀.

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbé kọ̀ńténà lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Mo fẹ́ràn bí gbogbo ilẹ̀ agbègbè yẹn ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ, mo sì ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí yìí nìkan ni wọ́n kọ́ sórí iyanrìn tí wọ́n kó jọ. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́. Wọ́n ní kí n gun orí rẹ̀, kí n dúró. Mo gùn ún. Mo fa bíréèkì. Mo pa ọkọ̀.

Ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì ìyeyè ti lọ kí ìrun Jímọ̀. Wọ́n ní á dé láìpẹ́.

Mo wo dígí. Àwọn lébìrà márùn-ún ti jókòó sí òjìji ẹ̀yìn tírélà mi, wọ́n tú búrẹ́dì, wọ́n da ẹ̀wà sórí rẹ̀. Ẹ̀yìn táyà gan-an! Mo fun fèrè. Mo yọ orí síta. "Ẹ dìde níbẹ̀! Ẹ kúrò lẹ́yìn ọkọ̀!"

Ọ̀kan nínú wọn, ará Èkìtì gẹ́gẹ́ bí ohùn rẹ̀ ti rí, gbé ojú sókè. "Bàbá, kí la jẹ yín? Òjìji yín la jókòó sí, a ò wọnú ọkọ̀."

"Ọkọ̀ lè yí!"

"Ọkọ̀ tuntun báyìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bá ẹ̀wà wọn lọ.

Òógùn bò mí nínú afẹ́fẹ́ tútù. Ọkọ̀ yẹn kò mì rárá, ṣùgbọ́n ojú mi ń rí i pé ó ń mì. Mò ń rí ẹsẹ̀ Àṣàkẹ́. Mo ní kí wọ́n lé mi bí wọ́n bá fẹ́ lé mi, n ó bọ́ sílẹ̀, n ó wá òkúta, n ó wá igi, n ó fi ara mi há a. Mo ti di ilẹ̀kùn mú. Kámẹ́rà ń wò mí. Ìgbà yẹn ni fóònù dún. Àṣàkẹ́ ni.

"Bàbá Fẹ́mi, ṣé o ti jẹun?"

"Oúnjẹ kọ́ ló kàn. Mo wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èèyàn jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ mi, wọn ò jẹ́ kí n há wẹ́ẹ̀jì. Mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀."

"Bí o bá bọ́ sílẹ̀, wọn ò ní í lé ọ bí?"

"Kí wọ́n lé mi! Àṣàkẹ́, mo ti fi ọwọ́ yìí gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, o mọ ohun tó dá sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe àti ohun tí mi ò ṣe mọ́. Mi ò lè fọkàn tán ara mi."

Mo rò pé nẹ́tíwọ́kì ló lọ.

"Má bọ́ sílẹ̀," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Bàbá Fẹ́mi, o há a."

"Mo há kí ni?"

"Lọ́jọ́ yẹn. O há a. Èmi ni mo yọ ọ́."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

"Ìkòkò ń mì lórí ààrò. Ọ̀kan nínú òkúta mẹ́ta yẹn kéré. Mo wò yíká, wẹ́ẹ̀jì ló sún mọ́ mi jù. Mo fi í ti ìdí ìkòkò. Mo ní kí àsáró yẹn kàn hó lẹ́ẹ̀kan sí i ni, n ó dá a padà. Bí mo ṣe rí i tí ọkọ̀ ń lọ, mo fà á yọ nínú iná, mo sá tẹ̀lé e."

"Àṣàkẹ́. Ní Ìgbẹ́tì? Ìlú òkúta? O wá òkúta kan tì!"

"Ìkòkò ń mì," ló tún wí, ó bú sẹ́kún. "Nígbà tí mo máa lajú ní ọsibítù, gbogbo ìlú ti ń kì mí. Ìwọ náà jókòó tì mí, ò ń sunkún, ò ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́la. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi, méje ni. Mi ò ní í parọ́ fún yín, inú bí mi. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ ju fóònù sínú iyanrìn. Ọdún méje! Gbogbo adìẹ yẹn! Orúkọ yẹn tí àwọn ọmọdé ń pè tẹ̀lé mi lọ́nà odò! Mo la ẹnu láti bú u. Mo wá wo ọwọ́ mi tó wà lára ilẹ̀kùn. Ọwọ́ yẹn náà ni. Ó há a. Kò gbàgbé nǹkan kan rí láyé rẹ̀.

Mo mú un kúrò lára ilẹ̀kùn. Mo sunkún, ẹ má bi mí bóyá kámẹ́rà rí i.

Wákàtí kan gbáko ni mo fi jókòó síbẹ̀. Bíréèkì dì í mú. Àwọn lébìrà jẹun tán, wọ́n gbọn ara wọn, ará Èkìtì yẹn wá gbá ilẹ̀kùn mi pẹ́pẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, òjìji yín tutù." Ó na ìṣẹ́kù búrẹ́dì sí mi láti ojú fèrèsé. Mo gbà á, mo jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, oníjákẹ́ẹ̀tì ìyeyè dé láti mọ́sálásí, ó há rọ́bà rẹ̀ tó ní sáńtífíkéètì, ó na àtàǹpàkò sí mi. Ìgbà yẹn ni mo tó bọ́ sílẹ̀ lọ tọ̀.

Ohun tí wọ́n ní kí n kọ

Iṣẹ́ mi ṣì wà o. Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ nílé fún ìsinmi yìí, Wòlíì gbé wẹ́ẹ̀jì fún mi ní géètì, ó ti fi òróró pa á lára, ó ń dán. Mo sọ fún un pé mo ti mọ ohun tó jó o. Ó dẹtí sílẹ̀. Mo ní, "Àsáró." Ó ní òun ti rí i nínú ìran pé nǹkan iṣu ni.

Àṣàkẹ́ fi ọ̀pá rẹ̀ wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. A ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bu omi fún mi, mo mu ún. Mo sọ fún un pé inú ṣì ń bí mi. Ó ní òun mọ̀. Mo ní ẹni tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dá tírélà dúró, obìnrin bí ọkùnrin náà ni, ẹni yòówù kó yọ wẹ́ẹ̀jì. Ó ní òun ò gbọ́, kí n tún un sọ. Mi ò tún un sọ.

Lánàá, Fẹ́mi ọmọ wa ka ìwé yìí sí Àṣàkẹ́ létí. Mo bi í bóyá kí n yọ ibi ìkòkò kúrò, torí ẹ̀yin ará ìlú. Ó ronú títí. Ó ní, "Fi í síbẹ̀. Kí wọ́n yéé pè ọ́ ní Agbàgbé. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ kún un pé àsáró ọjọ́ yẹn jinná dáadáa."

Mo ní mi ò lè kọ ohun tí mi ò tọ́ wò. Ló bá dìde, ó gbé ìkòkò dúdú rẹ̀ kaná, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méje. Ìkòkò ń mì. Mo dìde, mo mú wẹ́ẹ̀jì, èmi fúnra mi ni mo fi ti ìdí rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tì í wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ó jinná. Iyọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí n kọ ìyẹn.